Èlé tí CBN gbé sókè l'Ábújá, ṣé ó dé ọjà Atakúmọ̀sà ṣá?

Ọmọ_Lágéré
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ń ka másítàsì nípa ètò ọrọ̀ ajé níbí ní Ifẹ̀, Lágéré ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Iléṣà ni wọ́n ti bí ìyá mi. Pírójẹ́ẹ̀tì mi dá lé MPR, ìyẹn èlé tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, máa ń kéde, tí àwọn báńkì yòókù á wò kí wọ́n tó bu èlé tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2022, ìdá 11.5 nínú 100 ló wà, wọ́n gbé e sí 13 lóṣù yẹn, wọ́n ń gbé e lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé 27.5 lóṣù kọkànlá 2024, ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án 2025 ni wọ́n tó já a sí 27. Ohun tí ìwé sọ ni pé bí èlé bá le, èèyàn ò ní yáwó, bí wọn ò bá yáwó wọn ò ní rówó ná, bí owó ò bá sì pọ̀ nígboro mọ́ ọjà á rọ̀. Mo wá gbé fọ́ọ̀mù lọ sí ọjà Atakúmọ̀sà ní Iléṣà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi bí ogójì èèyàn pé ṣé wọ́n yáwó ní báńkì, ṣé èlé CBN kàn wọ́n. Àfi bí ẹni méjì mẹ́ta, gbogbo wọn ló ní rárá. Súpáfáísọ̀ mi wò ó, ó ní yálà ìwé tí mo kà ni ò dáa tàbí ìbéèrè tí mo bi wọ́n, kí n lọ ronú. Mo ti ronú, orí ń fọ́ mi. Ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Olóhùn_Iyọ̀
O bi aláṣọ ní MPR, wọn ò fi ọ̀pá yáàdì lé ẹ jáde lọ́jà. Ọpẹ́ ló yẹ kí o máa dú 😂

Ìyá_Aláṣọ
Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé yẹn, tí o gbé báàgì kọ́ èjìká, tí òógùn bò? Èmi wà lára àwọn tó ní rárá. Kí lo fẹ́ kí n sọ, o ní ṣé mo yáwó ní báńkì, mi ò yáwó ní báńkì rí láti ìgbà tí mo ti ń ta aṣọ, wọ́n á ní kí n mú ìwé ilé wá, ìwé ilé wo, ilé ẹbí ni mo ń gbé.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí tí o ò bi mí. Ẹni tí mo ti ń bá ra ànkárá l'Ékòó ó ti pẹ́, bí mo bá san ìdajì owó á ní kí n máa gbé e lọ, oṣù méjì ló máa ń fún mi kí n tó wá san ìyókù, àwa náà á wá fi ṣe àwìn fáwọn tíṣà àti àwọn tó ń dá aṣọ ẹbí, bí wọ́n bá gba owó oṣù wọ́n á san, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀. Nígbà tó di 2024 ó ní oṣù méjì ò ṣeé ṣe mọ́, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbà. Kò pẹ́ ó di ọ̀sẹ̀ kan. Ní báyìí bí álàátì ò bá wọlé sórí fóònù rẹ̀, ẹrù mi ò ní kúrò nílẹ̀, mọ́tò ń dúró, dẹ́rẹ́bà ń bínú, èmi ń pe ẹni tó jẹ mí lówó. Kò sẹ́ni tó pe èlé fún mi o, kò sọ pé kí n fi kọ́bọ̀ kan lé e nítorí èlé. Ọjọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ìwọ wá ń bi mí pé ṣé mo yáwó.

Ọmọ_Lágéré
Màmá, èmi ni mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Bàbá_Fẹ̀yìntì
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo ṣe iṣẹ́ báńkì ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Iléṣà, ẹ jẹ́ kí n fi ojú tó wà lẹ́yìn káńtà wò ó.

Àbúrò, o tẹjú mọ́ MPR nìkan, o gbàgbé CRR. CRR ni owó tí CBN ní kí báńkì kó wá sọ́dọ̀ òun nínú owó tí àwọn oníbàárà bá kó pamọ́. Lóṣù kejì 2024 tí wọ́n sọ MPR láti 18.75 di 22.75 lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé CRR láti 32.5 sí 45. Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà ó di 50. Ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà yẹn ni pé bí ìyá aláṣọ bá kó 100,000 náírà sí báńkì, 50,000 nínú rẹ̀ ti lọ jókòó l'Ábújá, CBN ò sì ní san èlé kankan fún báńkì lórí rẹ̀. Ìyókù tó wà nílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ náà ń fẹ́ ẹ yá, èlé tó jọjú ló ń san, kì í sì í sá fún gbèsè. Máníjà wo ló máa wá gbé e fún aláṣọ?

Ẹni tí màmá ń bá rajà l'Ékòó, mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé báńkì rẹ̀ máa ń jẹ́ kó fa owó kọjá iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é pé ó tó gẹ́ẹ́, kó wá dí i, kí ni yóò ṣe? Yóò gé ọjọ́ àwọn tó ń gbéjà láwìn lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Màmá náà á gé ọjọ́ tíṣà. Nígbà tí òfin tí wọ́n ṣe l'Ábújá máa fi dé ọ̀dọ̀ tíṣà kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kò jọ èlé mọ́ rárá.

Ìjẹ̀ṣà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí. Kí ni òṣómàáló? Bàbá mi ṣe é. Wọ́n á gbé aṣọ kiri abúlé, wọ́n á tà á láwìn, iye tí wọ́n ń tà á lówó ọwọ́ yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ń tà á láwìn, kò sẹ́ni tó dárúkọ èlé níbẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí owó ò jáde, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, òṣó ni wọ́n máa ló títí wọ́n fi máa gbowó wọn. Bàbá mi ò mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un lówó tí kò wọ́n ní Ìbàdàn, ó ń fún àwọn ará oko lóṣù mẹ́ta. Bí owó bá wọ́n ní Ìbàdàn, ó di oṣù kan.

Sọ̀rọ̀_Sókè
Ẹ̀yin bàbá, mo gbọ́ tiyín o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wọ́n gbé èlé sókè ní 2022, gaàrí gbówó lórí. Wọ́n gbé e sókè ní 2023, gaàrí tún gbówó lórí. 2024 ńkọ́, ọ̀wọ́ngógó, ìyẹn bí iye ọjà ṣe ń gòkè láàárín ọdún kan, dé ìdá 34.8 nínú 100 lóṣù kejìlá. Bí oògùn bá ń mú àìsàn le sí i, ṣé oògùn nìyẹn? Àwọn tó ní iléeṣẹ́ ń yáwó, wọ́n fi èlé kún iye ọjà, àwa là ń san án. Mo rò pé kí àbúrò wa kọ ọ́ síbẹ̀ pé CBN ló ń fa ọ̀wọ́ngógó, kó lọ gba sátífíkéètì rẹ̀ jàre.

Ẹ̀gbọ́n_Ìṣirò
Sọ̀rọ̀_Sókè, ohun tí o sọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan o, àwọn ọ̀mọ̀wé ti bá a fa wàhálà gan-an. Christopher Sims, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2011, kọ ìwádìí kan ní 1992, ó wo orílẹ̀-èdè mélòó kan, ó rí i pé bí báńkì àpapọ̀ bá gbé èlé sókè, iye ọjà náà máa ń gòkè fún ìgbà díẹ̀. Ìdàkejì ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Àlàyé tó ṣe ni mo máa ń fi yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi báyìí. Ìyàwó ilé kan wà ní Mọ̀rẹ̀ tó mọ òjò í wò. Bí ó bá ti rí i pé apá ìlà oòrùn ṣú, kíá, á sáré kó aṣọ tó sá wọlé. Ẹ wá gbé ọmọdé kan jókòó sí òdìkejì títì kó máa kọ ọ́ sílẹ̀, kó má wo ojú ọ̀run, aṣọ àti òjò nìkan ni kó máa wò. Bí oṣù bá parí á gbé ìwé wá, á ní gbogbo ìgbà tí ìyá yìí bá ti kó aṣọ wọlé lòjò máa ń rọ̀, nítorí náà aṣọ kíkó ló ń fa òjò. Ṣírò rẹ̀ pé pérépéré. Báńkì àpapọ̀ ní ìròyìn tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà rẹ, ó rí dọ́là tó ń gbéra, ó rí owó tí ìjọba fẹ́ ná, ó gbé èlé sókè kí ọ̀wọ́ngógó tó balẹ̀, ó balẹ̀ tán o wá ní èlé ló fà á.

Mi ò sọ pé apá èyí tí o wí nípa iléeṣẹ́ tó ń fi èlé kún iye ọjà kò sí rárá o. Ó wà. Ìbéèrè ni pé mélòó ni tiẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ_Lágéré, ohun tó kàn ẹ́ níbẹ̀ nìyí. Christina Romer àti David Romer jáde ní 2004 pẹ̀lú ọ̀nà àbáyọ kan: wọ́n lọ ka ìwé ìpàdé báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń sọ tẹ́lẹ̀ nípa ọ̀wọ́ngógó, wọ́n yọ apá ìyípadà èlé tó jẹ́ pé òjò ló fà á kúrò, èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ṣe ìwádìí. Tiwa náà ní nǹkan tó jọ ọ́: CBN máa ń gbé ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ nínú ìpàdé MPC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń pinnu MPR, jáde, pẹ̀lú orúkọ wọn. Kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó súni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lo ti máa rí ojú ọ̀run tí wọ́n ń wò.

Ẹ jọ̀ọ́ kíyè sí ohun méjì nínú dátà rẹ. Láti oṣù keje 2023 sí oṣù kejì 2024 ìgbìmọ̀ yẹn ò ṣèpàdé, ìyẹn ni pé èlé dúró sójú kan nígbà tí náírà ń yí gbirigbiri lọ, má kà á sí pé wọ́n jókòó wọ́n sì pinnu pé kó dúró. Èkejì, oṣù kìíní 2025 tí NBS, àjọ tó ń ṣírò ọ̀wọ́ngógó, yí ọdún ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn iye ọjà padà láti 2009 sí 2024, ọ̀wọ́ngógó já láti 34.8 sí 24.48 láàárín oṣù kan. Ọjà ò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀. Mo ti rí pírójẹ́ẹ̀tì tó fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé MPR ṣiṣẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Sọ̀rọ̀_Sókè
Ti ìyá Mọ̀rẹ̀ yẹn wọlé sí mi lára. Ṣùgbọ́n ta ló fa òjò gan-an? Ṣebí CBN kan náà ló ń tẹ owó fún ìjọba.

Bàbá_Fẹ̀yìntì
Ìyẹn lẹ ń pè ní Ways and Means. Òfin CBN ti 2007 sọ pé owó tí wọ́n bá yá ìjọba lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú, kó sì padà kí ọdún parí. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 2023 ó ti di tírílíọ̀nù 22.7 náírà tí wọ́n wá sọ di gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn. Òfin wà nílẹ̀ o. Ẹni tó máa sọ pé rárá ni kò sí.

Ẹ̀gbọ́n_Ìṣirò
Bàbá ti fọwọ́ kan ibi tó ń dunni. Alesina àti Summers ní 1993 fi hàn pé láàárín àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ibi tí báńkì àpapọ̀ bá ti dá dúró dáadáa ni ọ̀wọ́ngógó kì í ti í pọ̀. Ṣùgbọ́n Cukierman àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti rí i ní ọdún kan ṣáájú pé bó bá di orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ohun tí òfin kọ sílẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wọn, wọ́n wá lọ ka iye ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ gómìnà báńkì. Ìyẹn ló sọ̀rọ̀. Ẹ wá rántí Sanusi tí wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé lóṣù kejì 2014, àti Emefiele lóṣù kẹfà 2023.

Akápò_Alájẹṣẹ́kù
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ẹ kú làákàyè. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níhìn-ín, mi ò ní dárúkọ wa. Láti ọdún tí a ti dá a sílẹ̀, kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kan ni èlé wa, MPR ì báà jẹ́ 11 ì báà jẹ́ 27, mẹ́wàá náà ni. Bí àbúrò bá wá bi mí, èmi náà á ní rárá, kò kàn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ti ìyá aláṣọ mo lọ ṣí ìwé wa wò. Tẹ́lẹ̀, bí o bá gba fọ́ọ̀mù lóòní, ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ lo máa gbowó. Nígbà tí báńkì ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, gbogbo wọn rọ́ wá sọ́dọ̀ wa, títí kan àwọn tó ti gbàgbé ọ̀nà ìpàdé, ó wá di pé orúkọ wà lórí ìlà, èèyàn ń dúró oṣù márùn-ún, mẹ́fà. Ẹnì kan fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ nítorí owó ilé ìwé ọmọ, sáà yẹn parí kó tó kàn án.

Èlé wa ò gbéra. Ìlà wa ló gùn.

Olóhùn_Iyọ̀
Ẹ jẹ́ á fún akápò ní Nobel kíákíá kó tó sá lọ pẹ̀lú owó ẹgbẹ́ 😂😂 eré ni mò ń ṣe o bàbá

Akápò_Alájẹṣẹ́kù
Màá fi orúkọ ẹ sí ìsàlẹ̀ ìlà.

Oní_Kòkó
Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ọdún 2024 tí ẹ ń sọ pé owó há yìí, ní àyíká Ifẹ̀ àti Iléṣà kò há fún gbogbo èèyàn o. Kòkó ju 10,000 dọ́là lọ lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé lọ́dún yẹn, dọ́là fúnra rẹ̀ sì ti sọ náírà nù láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí mo ń bá rà á, àwọn tó ti ń pète pé àwọn máa gé kòkó gbin nǹkan mìíràn, ló ń ra ọ̀kadà tuntun, tí wọ́n ń parí ilé, tí wọ́n ń da aṣọ bolẹ̀ ní òkú àgbà. Ó ti já wálẹ̀ ní 2025, ojú ti là báyìí. Nítorí náà bí ìwé rẹ bá sọ pé MPR ò mú nǹkan kan ní Iléṣà, wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ owó kòkó ló bo ihò náà mọ́lẹ̀.

Bàbá_Fẹ̀yìntì
Oní_Kòkó, o rán mi létí. Kí CBN tó ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959, West African Currency Board tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1912 ló ń ṣe owó wa. Kò ní MPR, kò ní ìgbìmọ̀ kankan. Pọ́n-ùn tó bá wọlé sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ń sọ iye owó tó máa wà nígboro níbí. Bí àsìkò kòkó bá dé owó á kún, bó bá lọ owó á fà. Nílẹ̀ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà, kòkó ni gómìnà báńkì. Kí ìyẹn náà tó dé, owó ẹyọ la ń ná, 20,000 ẹyọ ni ọ̀kẹ́ kan, títí àwọn oníṣòwò Yúróòpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó ẹyọ Zanzibar wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹyọ wá di yẹpẹ, ẹrù ẹyọ tí wọ́n fi ń ra nǹkan kékeré di ohun tí alárù ń rù. Ẹni tó bá ní ọ̀wọ́ngógó jẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun, ó purọ́.

POS_Sábó
Ẹ ò tíì mẹ́nu ba owó tuntun. Ìyẹn gan-an ni mo mọ̀ pé ó dé ọjà. Oṣù kìíní sí oṣù kẹta 2023, wọ́n ní 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ ò ní ṣe é ná mọ́, tuntun ò sì sí. Mo ń jí lọ sẹ́nu ọ̀nà báńkì kan láago mẹ́rin ìdájí pẹ̀lú àga, wọ́n á fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, wọ́n á ní kí n máa lọ. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni kóòtù tó ga jù lọ dá a pé kí àtijọ́ ṣì máa jẹ́ náná títí ọdún yẹn á fi parí. Tòmátò jẹrà lọ́wọ́ ìyá kan ní Sábó níbí, àwọn èèyàn lówó nínú fóònù, nẹ́tíwọ̀kì ò lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Ìṣirò
Wọ́n ti ṣe ìwádìí irú ẹ̀ ní Íńdíà. Wọ́n fagi lé owó 500 àti 1,000 rúpì ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá 2016, ìdá 86 nínú 100 owó tó wà nígboro lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gabriel Chodorow-Reich, Gita Gopinath àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá fi àwọn àgbègbè tí owó tuntun dé púpọ̀ wé àwọn tí kò dé tó, wọ́n lo iná alẹ́ tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè, wọ́n rí i pé ibi tí owó ti há jù ni káràkátà ti rẹ̀yìn jù.

Olóhùn_Iyọ̀
Bí ẹ bá fi iná alẹ́ wọn Iléṣà, káràkátà ti kú láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Tiráńsífọ́mà àdúgbò wa bàjẹ́ ní oṣù kẹta, sátẹ́láìtì máa rò pé a ti kó kúrò nílùú.

Ọmọ_Lágéré
😂 Ẹ ṣeun o. Ó dà bíi pé mo ti rí i báyìí. Mi ò ní bi wọ́n pé mélòó ni èlé yín mọ́. Màá bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń fún yín láwìn ní 2022, mélòó ní 2023, mélòó ní 2024, ìwọ náà mélòó lò ń fún oníbàárà rẹ. Màá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pẹ̀lú iye oṣù tí wọ́n fi ń dúró lórí ìlà. Màá ya àwọn tó ń tà fún àwọn olóko kòkó sọ́tọ̀. Ìṣòro mi ni pé ta ló máa rántí ti 2022?

Ìyá_Aláṣọ
Ta ló ní kí ẹnikẹ́ni rántí? Mo ní ìwé. Ìwé mẹ́ta tó ní èèpo líle, orúkọ, iye yáàdì, ọjọ́ tó gbé e, ọjọ́ tó san án. Èyí tí mo jẹ l'Ékòó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa. Kì í ṣe èmi nìkan, ẹni tó bá ń ṣe àwìn láìkọ ọ́ sílẹ̀ kò ní pẹ́ lọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n_Ìṣirò
Àbúrò, yára dọ̀bálẹ̀ fún màmá. Ìwé mẹ́ta yẹn dáa ju ohun tí NBS lè fún ẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ẹyọ kan péré ni mo fi kún un: àwọn tó ṣì wà lọ́jà lo máa bá sọ̀rọ̀, ìyẹn àwọn tí gígé ọjọ́ yẹn ò pa. Àwọn tó pa ti lọ. Bí o kò bá wá wọn rí, ìwádìí rẹ á jẹ́ kó dà bíi pé gbogbo èèyàn ló rọ́nà gbé e gbà.

Ọmọ_Lágéré
Báwo ni màá ṣe rí wọn, ẹ̀gbọ́n?

Ìyá_Aláṣọ
Ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi, léèsì ló ń tà, ó ti tìlẹ̀kùn láti ọdún tó kọjá, ẹlẹ́ran súyà ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo mọ ilé rẹ̀. Wá ní ọjọ́rú, lẹ́yìn aago mẹ́rin tí èrò bá ti dínkù, màá mú ẹ lọ. Ṣùgbọ́n má ṣí ìwé mi lójú àwọn oníbàárà o, orúkọ ìyàwó pásítọ̀ wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn náà, fi sílé.